Orí Keje: Bí A Ṣe Ń Fi Kòkòrò Àìfojúrí Fọ Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Tí Epo Ti Bàjẹ́ ní Ẹsẹ̀ Odò Ìlàjẹ

Orí yìí wà fún baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ìlú, fún òṣìṣẹ́ ìlera, fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga, àti fún ẹnikẹ́ni tí omi kànga rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí epo. Ẹ máa rí níbẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sí, àti ìbéèrè tí ẹ máa bi í kí owó ìlú má baà bómi lọ. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ rántí èyí: àwọn kòkòrò tó ń jẹ epo ti wà nínú ilẹ̀ yín tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni wọn ò rí tó.

Bí epo ṣe ń dé inú kànga

Nílẹ̀ Ìlàjẹ, epo àti omi kò jìnnà síra wọn. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀ ojú omi láti Igbókòdá lọ sí Ayétòrò, Ugbó-Ńlá àti Awoye. Ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ ti lo ohun tó lé ní ọdún 10 láìrí iná mànàmáná ìjọba, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ló ń tan iná, òun ló ń fa omi, òun ló ń mú kí ẹja dì. Kẹ́ẹ̀gì àti dúrọ́ọ̀mù bẹntiróòlù wà ní èbúté, wọ́n wà lábẹ́ ilé, wọ́n wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ń jò lára wọn lójoojúmọ́ kéré lójú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń kó o jọ. Kànga epo rọ̀bì tún wà lójú òkun: ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, kànga Ororo-1 bú gbàmù ní ọ̀gangan etíkun Ìlàjẹ, ó sì ń jó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ilẹ̀ ibẹ̀ náà kò ràn wá lọ́wọ́. Lórí iyanrìn etíkun, ènìyàn kì í gbẹ́ jìnnà kó tó kan omi, epo tó bá dà sílẹ̀ kì í sì í pẹ́ kan án. Bó bá dé ibẹ̀, á léfòó, torí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ. Ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ máa ń yòrò, á sì bá omi rìn lọ sínú kànga ẹlòmíràn. Èyí tó burú jù nínú ohun tó ń yòrò náà ni benzene, tó máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi mímu kan. Imú ènìyàn kì í sì í gbọ́ òórùn benzene nìkan nínú omi àfi tó bá tó mílígíráàmù 10 nínú lítà kan, ìyẹn ìlọ́po 1,000 òdiwọ̀n náà. Omi tí kò rùn mọ́ kò tíì di omi mímu.

Àwọn ará Bárùwá ní agbègbè Ìpájà, ìpínlẹ̀ Èkó, mọ ọ̀rọ̀ yìí dénú. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni bẹntiróòlù inú páìpù tó gba àdúgbò wọn kọjá ti ń wọ kànga wọn. Ní Ogale, nílẹ̀ Ogoni, àwọn onímọ̀ UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, tí ìròyìn wọn jáde ní 2011, bá epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n bá benzene nínú kànga tí àwọn ènìyàn ń mu níbẹ̀ tó fi ìlọ́po tó lé ní 900 ju òdiwọ̀n WHO lọ.

Iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò yìí ń ṣe

Bakitéríà bíi Pseudomonas nínú ilẹ̀, àti Alcanivorax nínú òkun, máa ń fi epo ṣe oúnjẹ. Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di omi àti carbon dioxide, wọ́n á sì fi agbára tí wọ́n rí nínú rẹ̀ bí sí i. Bí epo bá tán, ebi á pa wọ́n, iye wọn á sì dín kù. Níbi tí epo bá ti ń jò fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ti pọ̀ jọ fúnra wọn. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá gbé ìyẹ̀fun kòkòrò inú sáṣẹ́ẹ̀tì wá tà fún yín. Kòkòrò tí wọ́n sìn nínú omi tí kò níyọ̀ kì í sábà rí ibi gbé nínú omi oníyọ̀ tiwa, àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì gba oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ṣírò ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Bẹntiróòlù inú rẹ̀ wúwo tó bíi kílò 18. Kí kòkòrò tó lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n máa nílò ọ́síjìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 kílò. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa kì í gbà ju mílígíráàmù 8 ọ́síjìn lọ nínú lítà kan, nítorí náà ó máa tó mílíọ̀nù lítà 7 àti ààbọ̀ omi kí ọ́síjìn náà tó pé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó kún yàrá 8, tí òòró, ìbú àti gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3, ní iye ọ́síjìn kan náà nínú. Ìṣirò yìí ló fà á tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtúnṣe fi dá lórí fífẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ ilẹ̀.

Bí ọ́síjìn bá tán, iṣẹ́ kì í dúró pátápátá. Àwọn kòkòrò mìíràn á fi nitrate, irin tàbí sulphate rọ́pò rẹ̀. Omi òkun ní sulphate tó bíi mílígíráàmù 2,700 nínú lítà kan, nítorí náà ẹrẹ̀ Ìlàjẹ tí omi òkun ń dé kò ṣaláìní rẹ̀. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ tó ń jáde nínú ẹrẹ̀ náà fi hàn pé àwọn kòkòrò tó ń lo sulphate wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ wọn ń falẹ̀, benzene sì ni wọ́n máa ń pẹ́ jẹ jù.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1972, ní Ambler ní Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Richard Raymond fún kòkòrò abẹ́ ilẹ̀ ní afẹ́fẹ́ àti ajílẹ̀ kí wọ́n lè jẹ bẹntiróòlù tó jò láti inú páìpù. Ní Hanahan ní South Carolina, epo ọkọ̀ òfúrufú tó tó bíi gálọ́ọ̀nù 80,000 jò ní 1975. Nígbà tó fi di 1985, ó ti dé abẹ́ ilé àwọn ènìyàn. Láti 1992 ni wọ́n ti ń da omi oníajílẹ̀ sí ilẹ̀, tí wọ́n sì ń fa omi tó bàjẹ́ jáde, ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ àdúgbò náà sì dín kù ní ìdá 75 nínú 100. Ní Bemidji ní Minnesota, páìpù epo rọ̀bì bẹ́ ní 1979. Ibẹ̀ tutù gan-an, síbẹ̀ kòkòrò tó wà nínú ilẹ̀ kò jẹ́ kí benzene rìn jìnnà. Àmọ́ epo tí wọn ò lè fà jáde ṣì wà nínú ilẹ̀ náà lẹ́yìn 40 ọdún. Ilẹ̀ tiwa móoru láti January dé December, ó sì dára fún kòkòrò, ṣùgbọ́n Bemidji kìlọ̀ fún wa pé kòkòrò nìkan kò lè tètè kápá epo tó dì jọ síbì kan.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Ẹ mọ̀ dájú pé epo ni

Omi àbàtà wa máa ń ní irin nínú, àwọn kòkòrò tó ń jẹ irin náà sì máa ń ta àwọ̀ òṣùmàrè sójú omi. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ya ojú omi náà. Bí àwọ̀ náà bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí kò sì papọ̀ mọ́, irin ni. Bó bá yí lọ yí bọ̀ tó sì tún padà papọ̀ lẹ́yìn igi, epo ni. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi kànga sínú ìgò funfun tó mọ́, ẹ dé e, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan ti léfòó sókè.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Ẹ dáàbò bo ẹ̀mí ná

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú kànga náà, ì báà jẹ́ láti fọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ epo tó kó jọ nísàlẹ̀ lè dá ènìyàn kú kó tó kígbe. Iná, sìgá, fóònù àti jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ má se omi náà: benzene á kúrò nínú ìkòkò bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ilé ìdáná, ó sì lè gbiná. Álọ́ọ̀mù lè mú kí omi náà mọ́ lójú, kílórínì sì lè pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń yọ benzene nínú wọn. Ẹ má fi wẹ ọmọ. Omi òjò tí ẹ gbè láti orí páànù tó mọ́, tàbí omi tí ẹ gbé láti ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ni kí ẹ lò.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Ẹ dí orísun rẹ̀

Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí dúrọ́ọ̀mù tó ń jò kúrò nílẹ̀, kí àwọn kẹ́ẹ̀gì wà lórí pèpéle oníkọnkéré tó ní ìgbátí yíká, kí àwọn tó ń rọ epo sínú ẹ́ńjìnnì máa lo àrọ. Bí ó bá jẹ́ ilé epo tàbí ibi tí wọ́n ń kó epo sí ló ń jò, NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó wọn, ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bí ó bá jẹ́ páìpù tàbí kànga epo rọ̀bì, NOSDRA ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 fún ọ̀rọ̀ epo tó dà sílẹ̀. Láàárín wákàtí 24 ló yẹ kí ẹni tó ni epo fi tó wọn létí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ epo, ìjọba àti ìlú bá jọ lọ wo ibi tí epo ti dà, ẹ rí i pé aṣojú yín wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ó ya fọ́tò, kí ó má sì fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí tán.

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Ẹ kó èyí tó léfòó kúrò

Kòkòrò kì í rí epo tó nípọn wọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ máa ń fi páìpù onígíláàsì tàbí ike tó mọ́ gaara wọn bí epo ṣe nípọn tó lójú omi, á wá fi ohun tó ń fa epo nìkan mu ún. Kí ó má kàn fi ẹ̀rọ fa kànga náà gbẹ. Bí omi bá lọ sílẹ̀ tó tún padà wá, epo á ti lẹ̀ mọ́ iyanrìn lókè àti nísàlẹ̀, iṣẹ́ á sì di ìlọ́po. Inú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí ni kí ẹ kó epo náà sí. Ẹ má dà á sódò.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Ẹ mọ ilẹ̀ yín

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá, òun ló sì ń pinnu gbogbo ìyókù. Etíkun Ìlàjẹ kì í ṣe oríṣi kan. Iyanrìn wà níbì kan. Ẹrẹ̀ tó jinlẹ̀ ló wà níbòmíràn, débi pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ Mahin pe etíkun ẹlẹ́rẹ̀ náà. Ẹ gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan, ẹ bu ilẹ̀ ní gbogbo ìdajì mítà, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ṣeé yí di okùn tí kò já, amọ̀ ni, afẹ́fẹ́ kò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá fọ́, tó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́, iyanrìn ni, afẹ́fẹ́ á kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn sí. Ẹ ri páìpù mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́ta, ẹ fi họ́ọ̀sì omi tí àwọn bíríkìlà fi ń mú ilé dọ́gba mú ẹnu wọn dọ́gba, kí ẹ sì wọn bí omi ṣe jìn sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ibi tí omi ti jìn jù ló ń ṣàn sí. Nítorí pé omi òkun ń kún ó sì ń fà, ẹ wọn ọ́n ní wákàtí méjì méjì láti àárọ̀ dé alẹ́. Ohun tí ẹ bá wọ̀n nígbà omi kíkún nìkan lè tàn yín jẹ. Kànga tó wà ní ìsàlẹ̀ ìṣàn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ tì.

Ìgbésẹ̀ Kẹfà: Ẹ yẹ omi wò

Ẹ mú omi lọ sí láàbù tó ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn olùkọ́ ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ tàbí OAUSTECH ní Òkìtìpupa lè tọ́ yín sọ́nà. Ìgò gíláàsì ni kí ẹ lò, kí ó kún dé ẹnu láìsí afẹ́fẹ́ lókè, kí ẹ sì fi áìsì gbé e lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, benzene á ti fò lọ kí ẹ tó débẹ̀, ìwé àyẹ̀wò á sì parọ́ fún yín.

Ẹ ní kí wọ́n wo benzene àti àpapọ̀ epo tó wà nínú omi náà. Ẹ tún ní kí wọ́n wo ọ́síjìn, nitrate, irin, sulphate àti bí omi ṣe kan tó. Ẹ bu omi níbi tí epo wà, ẹ bu omi níbi tí kò sí. Bí ọ́síjìn àti sulphate bá kéré níbi tí epo wà, tí irin yíyòrò sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti ibi tó mọ́ lọ, ó túmọ̀ sí pé kòkòrò ti ń jẹun.

Ìgbésẹ̀ Keje: Ẹ fún kòkòrò ní ohun tí wọn ò ní

Lórí iyanrìn, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ìsàlẹ̀ ibi tí epo dé, ó kéré tán ní mítà kan àbọ̀. Ìdí páìpù náà nìkan ló máa ní ihò, wọ́n á fi símẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, wọ́n á wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé ẹ̀rọ fọkanáísà wá kí ẹ ṣí i sílẹ̀ gbàgà. Bí ihò páìpù bá wà ní mítà 3 nísàlẹ̀ ojú omi, agbára tó fi díẹ̀ ju bar 0.3 lọ ti tó. Èyí tó bá fi púpọ̀ jù ú lọ á ya ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ojú kan jáde, ìyókù kò ní rí nǹkan kan. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lè gbé ẹ̀rọ kékeré náà, kí ẹ má baà tún máa gbé bẹntiróòlù wá síbi tí ẹ ti ń yọ bẹntiróòlù. Bí ilé bá wà nítòsí, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ yẹ afẹ́fẹ́ inú yàrá wò, torí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lè gbé òórùn epo wọlé.

Lórí ẹrẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Bí ibi tó bàjẹ́ bá kéré, ẹ wa ilẹ̀ náà jáde sórí tapólì tó nípọn, níbi gíga tí omi kíkún kò lè dé, kí ẹ fi òrùlé bò ó nítorí òjò. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ewu kan wà níbẹ̀: ẹrẹ̀ àbàtà etí òkun máa ń kan gan-an tó bá gbẹ, ó sì lè pa kòkòrò náà. Ẹ máa wọn kíkan rẹ̀, ìyẹn pH. Bí pH náà bá ti lọ sísàlẹ̀ 6, ẹ po lime tí àwọn àgbẹ̀ fi ń tún ilẹ̀ ṣe mọ́ ọn. Bí ibi tó bàjẹ́ bá tóbi, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni nitrogen ìdá 10 àti phosphorus ìdá kan fún carbon ìdá 100. Lórí ilẹ̀ tí ẹ wà jáde, kílò epo 10 lè gba ajílẹ̀ urea tó bíi kílò 1.8, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin kí ẹ máa fi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ajílẹ̀ sínú kànga. WHO ní nitrate kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi mímu, torí pé èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lè pa ọmọ jòjòló. Èyí tí wọ́n bá máa da sínú omi abẹ́ ilẹ̀ gbọdọ̀ ti ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń wọn nitrate lóṣooṣù wá.

Ìgbésẹ̀ Kẹjọ: Ẹ máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀

Ẹ yẹ omi wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nínú páìpù kan náà, nígbà tí omi òkun bá kún tàbí fà dé ibì kan náà. Ẹ má yọ̀ tí benzene bá lọ sílẹ̀ ní oṣù Keje: ó lè jẹ́ pé òjò ló fomi là á. Èsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí èsì bá dára, kí wọ́n pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, kí ẹ dúró fún bí oṣù mẹ́fà, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tún gòkè, epo ṣì wà níbì kan tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Ìlànà ìjọba tí wọ́n ń pè ní EGASPIN sọ pé tí àpapọ̀ epo bá ti tó máíkírógíráàmù 600 nínú lítà omi abẹ́ ilẹ̀ kan, àtúnṣe di dandan. 50 ni wọ́n ń lépa. Ṣùgbọ́n fún omi mímu, benzene 10 ni kí ẹ mú dání.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi agbaṣẹ́ṣe

Nínú ibi 15 tí wọ́n sọ pé wọ́n ti fi kòkòrò tún ṣe tán nílẹ̀ Ogoni, UNEP bá 10 tí ìdọ̀tí wọn ṣì ju ohun tí òfin gbà lọ. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yí erùpẹ̀, bẹ́ẹ̀ epo ti wọlẹ̀ jìn tó mítà 5 níbi púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi í pé:

Báwo ni epo ṣe wọlẹ̀ jìn tó, ta ló sì wọ̀n ọ́n?
Ṣé iyanrìn ni tàbí ẹrẹ̀, kí sì ni ìdí tí o fi yan ọ̀nà yìí?
Báwo ni o ṣe máa fún kòkòrò ní afẹ́fẹ́?
Láàbù wo ló máa yẹ omi wò, ṣé ìlú máa gba èsì rẹ̀ tààrà?
Kí ni iye benzene tí o máa fi sọ pé iṣẹ́ ti parí, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ tó bá tún gòkè?

Bí kò bá lè dáhùn méjì nínú ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ yan ènìyàn kan nínú ìlú tó máa ní ìwé àkọsílẹ̀, kí ó kọ ọjọ́, iye omi nínú páìpù àti èsì láàbù sí i, kí ẹ sì máa kà á sí gbogbo ìlú létí nípàdé. Iṣẹ́ afẹ́fẹ́ lórí iyanrìn lè gba oṣù díẹ̀ tàbí ọdún méjì. Ti ẹrẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Títí èsì ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò yóò fi sọ pé benzene kò tó 10, kànga náà ṣì gbọdọ̀ wà ní títì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olóyè tàbí agbaṣẹ́ṣe, ṣí i fún yín.